Ta Ló Pa Ọba?

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ ní eré ìtàgé òyìnbó àtijọ́ kan, èyí tí ọ̀gágun ti pa ọba rẹ̀ kó lè gorí oyè. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló pa ọba?" Bí ọmọ kan bá ní ọ̀gágun ni, màá ní kó lọ tún un rò. Ìdáhùn tí mo ń fẹ́ ni pé ìyàwó ni. Ìyàwó ló ń tì í, ìyàwó ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni. Èmi obìnrin ni mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ojú mi ò tíì rí nǹkan nígbà náà.

Ọkọ mi ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé kan náà, òun sì ni igbákejì ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà wa jẹ́ bàbá jẹ́jẹ́ kan láti Èmùré, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí. Ó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ò sì lè dúró. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nínú kíṣìnì, ó gbé àpótí síwájú mi, ó jókòó.

"Ùdí mi li a fi wọn àga yẹn, ùwọ náà mọ̀. Bàbá yí ti gbó. A á kọ lẹ́tà sókè, a á ní ó ti ń gbàgbé nǹkan, pé kò mọ orúkọ àwọn tíṣà rẹ̀ mọ́."

Irọ́ gbuu. Bàbá yẹn mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ ti àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lọ, wọ́n ní kí bàbá lọ sinmi, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sídìí kòkó rẹ̀ ní Èmùré. Ọkọ mi gba ọ́fíìsì.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi tú. Àwọn tíṣà bi í níbi ìpàdé bóyá òun ló kọ lẹ́tà. Mo jókòó síbẹ̀. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣá mọ obìnrin. Ìyàwó mi ni ò jẹ́ kí n sinmi." Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á sún díẹ̀. Nígbà tí mo tún bi àwọn ọmọ pé ta ló pa ọba, ọmọbìnrin kan lẹ́yìn kíláàsì dáhùn pé, "Ìyàwó ni, mà, bíi tàwọn kan." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo pinnu pé màá gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ojú gbogbo ayé ni màá sì ti gbà á.

Mo tún eré náà kọ lédè Èkìtì fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Mo ní kí àwọn òbí lè gbọ́ ọ ni. Ọkọ mi buwọ́ lù ú láìkà á. Látìgbà tó ti di ọ̀gá, kì í ka nǹkan mọ́. Èmi fúnra mi ni mo wọkọ̀ lọ sí Èmùré láti lọ pe bàbá.

Nínú eré tèmi, ìyàwó ń bẹ iṣu. Ọ̀gágun wọlé, ó gbé àpótí, ó ní, "Ùdí mi li a fi wọn àga yẹn." Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Ó wá ní, "A á ní ọba ti ń gbàgbé nǹkan, pé kò mọ orúkọ àwọn ìjòyè rẹ̀ mọ́." Ẹ̀rín dá. Ọkọ mi fẹ́ dìde, ó tún jókòó, ó ń nu ojú. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi wọ egungun. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, màá tún un ṣe.

Nígbà tí èrò ń tú ká, bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà," ni mo wí. Mò ń retí ìyìn.

"Ó dáa," ló wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkọ rẹ li ó rò ó. Wọ́n fún mi lí lẹ́tà náà kà. Ojú ewé mẹ́ta lédè òyìnbó, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ọkọ rẹ kò sì lè kọ gbólóhùn méjì kó má ṣì í." Kò bínú. Ó kàn ń wò mí. "Nínú eré rẹ, mi ò rí ẹni tó bá a tún lẹ́tà ṣe."

Ohun tó kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu mi ni pé, "Sà, ọkọ mi ni ò jẹ́ kí n sinmi." Mo gbọ́ ọ kó tó jáde, mo sì gbé e mì.