Alùpùpù Tí Kì Í Fì

Títí di òní, bí mo bá gba Challenge n'Ìbàdàn kọjá tí òórùn kábáìdì bá kàn mí nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. O mọ òórùn tí mò ń wí: èyí tó máa ń jáde lára àgbá gáàsì àwọn wẹ́dà, tó ń ta síni nímú bíi aáyù tó ti bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí mò ń sọ kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀. Ṣùgbọ́n imú kì í gbàgbé. Èmi tí mo máa ń wá gíláàsì tí mo fi sójú kiri ilé, mi ò gbàgbé òórùn ibi tí wọ́n ti fi irin ẹ̀yìn mọ́tò sábẹ́ alùpùpù ọkọ mi.

Ìwọ náà rántí àwọn ọdún yẹn. Ọkọ̀ tuntun ti di àwátì, gbogbo nǹkan gbówó lórí, kálukú ń fi èyí lẹ èyí kó ṣáà lè máa rìn. Tíṣà ni ọkọ mi, orin ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Olúyọ̀lé. Ọmọ Onítẹ̀bọmi láti apá Ṣakí ni, inú orin ìjọ ni wọ́n bí i sí. Kí n tó mọ̀ ọ́n ló ti ń gun máṣíìnì, bí a ṣe ń pe alùpùpù nígbà náà, kiri gbogbo Ìbàdàn. Gbàrà tí a ṣègbéyàwó ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìró ni mo máa ń ró, mo sì máa ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Ó ní, "Má dúró gbagidi bí igi sẹ́yìn mi o. Bí mo bá fì sọ́tùn-ún, ìwọ náà fì sọ́tùn-ún. Bí mo bá fì sósì, bá mi fì. Má wo ọ̀nà, èmi ni kó o máa bá lọ." Mo kọ́ ọ débi pé bí a bá dé kọ́nà, ara mi á ti fì kí n tó rò ó. Àwọn aládùúgbò a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé tọkọtaya tó ń jó lórí máṣíìnì ti dé. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́? Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ìgbà tó yá ni àìsàn dé. Ibà la kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó fi máa lọ, ó ti mú ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi lọ. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ yìí gan-an ló sì fi máa ń tẹlẹ̀ bó bá fẹ́ dá máṣíìnì dúró. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ jáde, takisí ni. Awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á gbá a mú lábẹ́ abíyá, èmi á gbé ẹsẹ̀, a ó sì tì í wọnú ọkọ̀. Lójú títì Ring Road, lójú gbogbo ayé, àwọn ọmọ tó ń kọ́ lórin á máa dọ̀bálẹ̀ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ọkọ mi á di ojú. Lọ́jọ́ kan tí a délé, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, mo ti gbà pé ẹsẹ̀ mi kú. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n máa gbé mi bí àpò gààrí. Bí mi ò bá lè dá jáde fúnra mi, mi ò ní jáde mọ́ nìyẹn." Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ nípa wẹ́dà Challenge yẹn. Ó ní ọkùnrin náà lè yọ táyà ẹ̀yìn máṣíìnì kúrò, kó wá fi irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́tò kékeré kan tó ti kú pọ̀ rọ́pò rẹ̀, tòun ti táyà rẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi dúró, kò ní nílò ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa la ojú sílẹ̀: "Háà! Ṣé ọmọlanke lẹ fẹ́ sọ máṣíìnì dà ni?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n gbà.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, à ń wò wọ́n. Wẹ́dà gé irin náà, ó jó irin eléyín tí ṣéènì máa ń fà mọ́ ọn láàárín, ó tún fa ọ̀pá kan láti ibi jíà wá sókè kí ọkọ mi lè máa fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí òòlù ṣe ń dún, ọkọ mi ń mi orí, ó ní ohùn orin "là" ni òòlù yẹn ń kọ, àti pé ó fẹ́ yẹ̀ díẹ̀. Èmi bi wẹ́dà bóyá ohun kan wà tó yẹ kí ọkọ mi kọ́ kó tó gùn ún. Ó wò mí tàánútàánú. "Ìyá mi, ẹni tó mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gùn, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò le fún un? Èyí ò lè ṣubú láéláé." Wẹ́dà gùn ún lọ gùn ún bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú ọ̀nà tó gún gbọọrọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní igi gànngànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ta ló rí igi kankan?

Nígbà tí máṣíìnì náà délé, pásítọ̀ ìjọ wa gbàdúrà lé e lórí, ìyá ọkọ mi sì bu omi tútù sí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun. Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sọ ọ́ sódì kejì bí ẹni gbé igi ìdáná, ó jókòó. Ó ní, "Ó yá, gùn ún ká lọ." A rọra wọ́ bí ìgbín jáde ní kọ́nà àdúgbò wa, lẹ́yìn náà ó sáré. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, ọkọ mi ń kọrin lábẹ́nu. Ní ìta Ring Road ó tẹ bíréèkì, a dúró láàárín àwọn ọkọ̀, kò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, a ò sì ṣubú! Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Ojú ọmọdé ni mo rí.

Ìgbà tí à ń padà bọ̀ la fi eré dé kọ́nà tó wọ àdúgbò wa. Ọkọ mi fì sósì. Èmi náà fì sósì. Máṣíìnì ò fì. Ó ń lọ tààrà, bí ẹni pé kì í ṣe àwa la gùn ún. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń kígbe, "Fì sí i! Bá mi fì!" Mo fì títí gèlè mi fi jábọ́, mo fì bí ẹni tó fẹ́ kó sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun náà ló mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó yẹ kó yí ń dúró de ara, ara sì ti ṣe tirẹ̀ tán. A sọdá títì, a sì wọ inú òkìtì iyanrìn àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnnì kú.

Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Iyanrìn kún ẹnu mi, bàtà mi kan ti fò lọ. Ká ní wọ́n fi wá sílẹ̀ níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ẹni tó ṣubú níran n'Ìbàdàn? Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù sáré dé, àwọn èrò bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú ewu! Ẹ gbé bàbá!" Mo pariwo, "Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó dá dìde fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Obìnrin kan tilẹ̀ di èmi náà mú, ó ń nù mí lójú. Wọ́n gbé ọkọ mi lábẹ́ abíyá, wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n gbé e kọjá títì. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Mo rí i tó di ojú, ọwọ́ mi ò sì tó o.

Wẹ́dà wá bẹ̀ wá. Ó ní àṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irú rẹ̀, wọn kì í fì. Ọkọ mi gbìyànjú rẹ̀ nínú ọgbà wa lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń pariwo, "Ọwọ́ ni o! Ẹ má fì!" Bó bá ti kan ibi tó yẹ kó yí, ara á ti ṣáájú ọwọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ara mi ò gbà." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò jáde mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá kọrin ní pálọ̀ wa. Adìyẹ ìyá ọkọ mi wá ń yé sórí ìjókòó máṣíìnì náà.

Mo ti bi ara mi léèrè títí ohun tí ǹ bá ṣe. Mi ò rí nǹkan kan. Ìfẹ́ tí mo mọ̀ ni kí n bá a fì, ó sì dé ibì kan tí fífì ò yí nǹkan kan padà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù tí ọkọ mi padà kú sí, mo jókòó tì í, orí rẹ̀ ń yẹ̀ sósì lórí ìrọ̀rí, díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wò mí, ó ní, "Mà, ẹ rọra o, ẹ fẹ́ ṣubú lórí àga." Mo wo ara mi. Èmi náà ti fì sósì.