Lẹ́tà tí Sàlàhúdíìnì Fi Pamọ́

Ní ọdún 1982, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjemọ̀ tí kò mọ Sàlàhúdíìnì télọ̀. Aṣọ ló ń rán lọ́sàn-án, fèrè ló ń fọn lórí pápá nírọ̀lẹ́. Bó bá ti ní pẹnárítì ni, pẹnárítì ni. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n rẹfirí àdúgbò lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ dárí eré àwọn ẹgbẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń fi ṣe é. Ìwé mẹ́rin ni Sàlàhúdíìnì kà tí bàbá wọn fi kú, tó sì lọ kọ́ṣẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ.

Bùsírátù, àbíkẹ́yìn wọn, ni ìwé náà bọ́ sí lára. Ó ti jáde ìwé márùn-ún, ó ń retí lẹ́tà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Bùsí, Òyìnbó tó wà lórí rẹ yẹn, bù díẹ̀ fún mi.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun alásárì tán, Bùsírátù á wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé ìròyìn, á ṣí i sí ojú ewé eré ìdárayá. Eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbọ́ lórí rédíò ló máa ń ní kó kà. Nítorí pé ó mọ ẹni tó gbá gólù wọlé àti ìṣẹ́jú tó wọlé, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ kì í pẹ́ yé e. Nígbà tó yá, Bùsírátù fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí tábìlì: must, may, should.

Ó ní, “Must, dandan ni. Bí ẹnì kan bá lu ẹnìkejì lórí pápá, ẹ gbọ́dọ̀ lé e jáde. May, àyè ló fún yín: ẹ lè ṣe é, ẹ sì lè má ṣe é.”

“Should ń kọ́?”

“Ìmọ̀ràn ni, Bọ̀dá. Ó yẹ kí golí wọ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ ò ní torí ẹ̀ dá eré dúró.”

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì dé sí ṣọ́ọ̀bù. Bùsírátù kò sí níbẹ̀. Sàlàhúdíìnì já a, inú rẹ̀ dùn pé òun náà lè ka lẹ́tà báyìí. Wọ́n ti gba àbúrò rẹ̀. Ó tún kà á síwájú: ẹni tí wọ́n bá gbà should yọjú, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá. Ìdánwò tirẹ̀ sì di ọjọ́ kẹsàn-án. Bó bá fún un ní lẹ́tà, ọmọ náà á lọ, ta ni yóò wá bá a parí ẹ̀kọ́? Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ràn ni. Ó ti lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, sábẹ́ àjákù aṣọ. Ojoojúmọ́ ni Bùsírátù ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ náà tó ń kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì bi í nípa should yẹn.

Sàlàhúdíìnì ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé, ó sì mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ra mọ́ọ̀tì tútù, tó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà.

Bùsírátù kà á tán, kò mu mọ́ọ̀tì. “Bọ̀dá, ìgbà wo ni lẹ́tà yìí dé?”

“Ó ti ṣe díẹ̀. Àbí should kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Ọmọ náà rọra jókòó. “Òun ni. Báyẹn náà ni mo ṣe kọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì bá sọ ọ́, àṣẹ ni. Wọ́n kàn fi sùúrù sọ ọ́ ni.”

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn méjèèjì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò dàgbà tó Sàlàhúdíìnì, síbẹ̀ Sàlàhúdíìnì ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn dí àyè náà. Bùsírátù tún kọ̀wé lọ́dún kejì, kò gbọ́ èsì. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó lọ sílé ọkọ, ó sì ń ta aṣọ ní Òkè-Ìlẹ̀wó.

Sàlàhúdíìnì yege. Ó dárí eré káàkiri, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé ó gbọ́ òfin. Ìyìn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Ọdún 1989 ló tó lè lọ bá Bùsírátù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, “Bùsí, forí jì mí.”

“Mo ti forí jì yín tipẹ́, Bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣì lóye kọ́ ló ń dùn mí. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ ò bi mí.”

Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ ọ̀pá márùn-ún. Bùsírátù dìde, ó tú aṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bá a di etí kejì mú kó lè wọ̀n ọ́n.