Omi Tí Tíṣà Pokarop Ta Nù

Tíṣà Pokarop ti kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù Manus ní sáyẹ́ǹsì títí irun orí ẹ̀ fi funfun. Bí èròjà ṣe ń yí padà ni ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù.

"Tí méjì bá di ọ̀kan, ìgbéyàwó nìyẹn. Tí ọ̀kan bá pín sí méjì, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá wá gba ìyàwó ara wọn ńkọ́?"

Kíláàsì á pariwo: "Ìjà dé, Tíṣà!"

Ẹfun ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, torí Asinau ìyàwó ẹ̀ ló ń sun òkúta òkun di ẹfun tí gbogbo abúlé fi ń jẹ búáì, èso tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí obì. Iná á tú òkúta náà ká. Tí wọ́n bá bu omi sí èyí tó kù, méjèèjì á so pọ̀, á sì máa hó yaya.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Asinau ń kó ẹfun tí omi ò tíì kàn sínú agbọ̀n, ni afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ sí i lójú. Ó figbe ta. Ìyá ẹ̀ gbé garawa omi, ó ń sáré bọ̀.

"Ẹ má dà á o, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ se ojú ẹ̀ ni?" Tíṣà ta garawa nù.

"Bàbá Kaluwin, ojú mi ń jó o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n bomi sí i."

"Fara dà á. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Aṣọ gbígbẹ ló fi ń nù ún nínú ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Kò rántí pé omijé wà lójú. Omi díẹ̀ tó ń sè é ti wà níbẹ̀. Omi púpọ̀ tí ì bá ṣàn án dànù ló ta nù. Àgbàyà! Ohun tó fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín ló fi fọ́ ojú aya ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì da omi sójú Asinau títí, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú ọ̀tún ń ríran díẹ̀. Tòsì ti lọ. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọkọ.

"Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fomi ṣàn án nílé?"

Asinau ló dáhùn.

"Kò sómi nílé, nọ́ọ̀sì. Òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ó ti pẹ́ báyìí. Asinau ò bú ọkọ ẹ̀ rí, kò sì mẹ́nu ba ọjọ́ náà mọ́. Ì bá bú u, ara Tíṣà ì bá tù ú. Àbámọ̀ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa, torí lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ purọ́ nítorí ẹ̀, tánkì ilé wọn kún dẹ́nu.