Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Lọ Sí Orí Mi

Kọ̀-kọ̀-kọ̀, gbà-gbà-gbà! Ariwo ẹ̀rọ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ilé ìwòsàn kan n'Ílọrin ni mo ti bá a pàdé. Wọ́n gba aago ọwọ́ mi, bẹ́líìtì mi àti kọ́kọ́rọ́ ilé, nítorí òòfà ńlá ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n sì tì mí wọ inú ihò rẹ̀ bí ẹni ti búrẹ́dì wọ ààrò.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe kékeré ní Ọ̀fà, tó ti di dókítà, ló ń ṣe ìwádìí. Àwọn tí ara wọn le ló ń wá, kó lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ. Ó ní bí èèyàn bá ń ronú, ibi tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ, ẹ̀rọ náà á sì yà á ní fọ́tò. Wọ́n ní kí n máa yọ méje-méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi tíṣà ìṣirò, mo ń yọ ọ́ wàràwàrà, kí wọ́n lè rí ọpọlọ tó pé. Nígbà tí mo padà síléèwé, kò sí tíṣà tí mi ò fọ́nnu fún. Nígbà tí mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ló rí, ó ní, “Má yọ ara rẹ lẹ́nu.” Mi ò sì yọ ara mi lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ń wá kí mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí mo bá fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ìyàwó mi á ti já a gbà. Iyọ̀ dínkù nínú ọbẹ̀. Tí mo bá ń lọ sóko wa l'Ójòkú, wọ́n á ní kí n sinmi. Mo rò pé iyì ló ń dé bá mi, mo tiẹ̀ ń ṣe fáàrí sí i. Òmùgọ̀ èèyàn!

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó yọjú sí kíṣíìnì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo rí ìyàwó mi tó ń fi ìdí ṣíbí fọ́ oògùn funfun kan. Ó dà á sínú ẹ̀kọ mímu mi, ó sì rò ó pọ̀.

“Kí lo fẹ́ fi pa mí?”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Háà, Daddy! Èmi kẹ̀? Oògùn yín ni. Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n máa ṣe é báyìí.”

Ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́. Fọ́tò ti fi hàn pé iṣan kan ti fún nínú ọpọlọ mi, ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, rọpárọsẹ̀ lè dé nígbàkugbà. Ní tiwa, ẹni tí ọ̀rọ̀ burúkú kàn kọ́ ni a kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Olórí ẹbí ni. Dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ìyàwó mi. Èmi tí mo ni orí ni wọn ò sọ fún.

Mo fìbínú lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Jókòó. Ìpayà ni ìbá pa ọ́ kí àrùn tó pa ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Ọmọ tuntun! Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún! Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọ̀fà ni wá, ìjàkadì lorò wa. Ẹ wá jẹ́ kí n máa jà, ẹ ò jẹ́ kí n mọ ẹni tí mò ń bá jà.”

Wọ́n dalẹ̀ mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dùn mí dé egungun. Wọ́n ní ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo gbà, mo sì ti dárí jì wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń lo oògùn mi báyìí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí ìyàwó mi bá gbé ẹ̀kọ síwájú mi, á kọ́kọ́ bu ṣíbí kan mu níbẹ̀ kó tó gbé e sún mọ́ mi. Mi ò ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́, mi ò tíì ní kó má ṣe é mọ́.