Káfíńtà Tó Lọ Ra Báàsì

Kò sí irọ́ kan ṣoṣo nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ìka tí mo fi mú gègé yìí má lè mú ṣíbí mọ́. Mo búra nítorí pé àwọn kan ládùúgbò wa ń sọ pé mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Èmi kì í fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti ṣojú mi ni iyọ̀ ti máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Káfíńtà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe àga, ilẹ̀kùn nìkan. Kò sì sí èyí tó ṣe rí tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé pátákó wá bá a, kò ní wò ó. Eegun ìka àárín ni yóò fi gbá a, kọ́-kọ́-kọ́, yóò tẹ́tí, yóò sì sọ fún yín bóyá igi náà ti gbẹ, bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, àti bóyá ẹni tó tà á fún yín bẹ̀rù Ọlọ́run. Ojú mi ló ṣe tó gbá tábìlì dókítà bẹ́ẹ̀, nígbà tí dókítà ń béèrè ibi tó ń dùn ún.

Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ti ṣe parí, iṣẹ́ Káfíńtà sì rọlẹ̀. Ló bá ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ní ìdájí, ó máa ń gbé àwọn obìnrin aránṣọ márùn-ún lọ sí ilé iṣẹ́ aṣọ ní òdìkejì ìlú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń gbé wọn padà. Àwọn márùn-ún yìí ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà yóò lọ jókòó ti àwọn pátákó tí kò rẹ́ni rà.

Rédíò tó bá ọkọ̀ náà wá ti kú láti ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ sí i. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń fi gbogbo ọjọ́ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n wá ń fẹ́ orin tó ní báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún bí ìlù ńlá, tí yóò wọ̀ wọ́n láyà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ariwo-Ń-Bọ̀ sì ti ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ dún gbì-gbì-gbì kọjá níwájú wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, àgbà wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnì nítorí pé bọ́tìnì ló ń rán, là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Káfíńtà, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ yín dà bíi yàrá ìdánwò. A fún yín di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí kò bá sí báàsì nínú rẹ̀, a ti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀."

Káfíńtà sáré tọ̀ mí wá. Ta ni ì bá tún sáré tọ̀? Èmi tí mi ò jókòó lábẹ́ ọ̀gá kankan rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ìdáná tú rédíò tí ẹni tó ni ín ti gbẹ́ kòtò tó fẹ́ sin ín sí. Kí n tó dè é padà tán, ó ti ń ka ìròyìn. Ìròyìn ọjọ́ kejì ló sì ń kà.

"Ẹ̀gbọ́n," Káfíńtà ní, "mo fẹ́ ra báàsì tó dáa, èyí tí kò wọ́n."

"A kì í ra báàsì bí ẹni ra epo. Ẹ̀rọ la ń rà. Báàsì ló máa wá fúnra rẹ̀, bí o bá mọ̀ ọ́n rà."

"Ẹ ṣáà tẹ̀ lé mi."

Bí mo ṣe ti orí ara mi bọ wàhálà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Iná aláwọ̀ oríṣiríṣi ń jó lára gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á wọ díńgí dúdú sójú nínú ilé.

"Ẹgbẹ̀rún méjì wáàtì," ó ní, ó ń na ìka sí ara páálí.

"Ṣé láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fúnni ní ẹgbẹ̀rún méjì yẹn," mo bi í, "àbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó jóná?"

Ó yọ díńgí náà kó lè rí mi dáadáa. Mo yíjú sí àna mi, mo ní kó má ra nọ́ńbà ara páálí láéláé. Kò sí alágbàṣe tí kò lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan, èyí tó lè gbé e di ìrọ̀lẹ́ là ń gbà síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ó yẹ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Káfíńtà kò gbọ́. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú sípíkà, ó ń gbá ara àpótí rẹ̀, kọ́-kọ́-kọ́.

"Bàbá, ẹ má kanlẹ̀kùn mọ́," ọkùnrin náà ní. "Kò sẹ́ni nínú ilé."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀," Káfíńtà dáhùn. "Ayálégbé ti kó jáde tipẹ́."

A jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, àlòkù ni wọ́n ń tà. Èmi rí i pé etí sípíkà ti ya, gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Káfíńtà ní tirẹ̀ gbá àpótí, ó ní pátákó náà ti mu omi rí. Ó tún gbá èkejì. Ó gbá ẹ̀kẹta. Ó gbá káńtà tí ọlọ́jà fara tì.

"Ẹ̀yin bàbá méjèèjì," ọlọ́jà ní, "ṣé ọjà lẹ wá rà ni, àbí òkú lẹ wá yẹ̀ wò?"

"Òkú ni," Káfíńtà ní.

Bí wọ́n ṣe lé wa nìyẹn. Èmi, àgbà tí àwọn onírédíò máa ń dìde fún.

Orúnkún mi ti ń bú mi nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù kẹta. Obìnrin kan la bá níbẹ̀ tó ń jó wáyà pọ̀. Kò kọ́kọ́ fi ọjà lọ̀ wá. Ó béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́, ó béèrè iye ènìyàn tó ń wọ̀ ọ́, ó wá béèrè bóyá a mú orin wá. Mo fa fóònù mi yọ. Ọlọ́gbọ́n kì í fi orin ọlọ́jà dán ẹ̀rọ ọlọ́jà wò.

Ó tan sípíkà kan ṣoṣo tí kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, nínú àpótí rẹ̀. Báàsì náà kò pariwo. Ó kàn wọlé, ó wá ibì kan jókòó sí láyà mi.

"Ọ̀pọ̀ sípíkà kọ́ ló ń mú báàsì wá," obìnrin náà ní. "Ẹyọ kan tó dáa, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè jò níbẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tí á fún un lágbára. Ìyẹn ò ní wọ́n jù fún yín."

"Ó ti wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Mo rí i lójú yín, bàbá."

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Iye tó dá lé e wà lápò Káfíńtà. Àfi bó ṣe na ìka sí àpótí: kọ́-kọ́-kọ́.

"Kí ni wọ́n fi ṣe èyí?"

"Ìyẹ̀fun igi ni, wọ́n fi gúlù tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó dáa fún báàsì, bàbá."

"Ohun tí mò ń gbá dànù láràárọ̀ lẹ fẹ́ tà fún mi?"

Ó ní òun yóò mú sípíkà àti ẹ̀rọ, kí obìnrin náà tọ́jú àpótí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fa aṣọ rẹ̀. Obìnrin náà kò bínú. Ó kọ ìwọ̀n àpótí sórí bébà fún un. "Àyè inú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́," ó ní. "Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀. Igi líle tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn fún oníbàárà kan tí kò padà wá ló fà yọ, ó nípọn bí ìwé òfin. Àyè inú bá bébà mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí igi ṣe nípọn tó ni ìta ṣe ń fẹ̀ sí i. Ó sì tún fi ìbú ìka kan kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí àwọn onílẹ̀kùn ṣe máa ń ṣe, pé òun á fi ìfági fá a kúrò. Nígbà tó tó àkókò àtifá, àpótí náà ti lẹ́wà jù lójú rẹ̀. Kò fá nǹkan kan. Ó wọn inú búùtù ọkọ̀, gígùn, ìbú àti òró, ó ní yóò gbà á, ó sì kù.

Gúlù gbẹ ní ìrọ̀lẹ́. Àpótí ń dán bí àga adájọ́. Èmi, Káfíńtà àti aládùúgbò kan la gbé e, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi nìkan ni mo gbé ìdajì. A dé ẹnu búùtù, àpótí dúró. A fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó dúró. A dorí rẹ̀ kodò, ó dúró. Inú búùtù gbà á, ẹnu búùtù kò gbà á.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé tó fi ṣe ilẹ̀kùn, kò wọn ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi í nídìí rẹ̀. Ó ní bíríkìlà ló máa ń fún òun ní ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò mi jáde síta, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ gbé e wá sí pálọ̀, kí n rí nǹkan gbé fáànù lé."

Káfíńtà jókòó sórí àpótí.

"Fi ayùn là á," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ojú ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹ wò ó."

"Ìyá Bọ́tìnì ò ní béèrè ìṣó lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Ajé. Márùn-ún ni wọ́n. Bí wọ́n bá lọ, ṣé àpótí yìí lo máa gbé lọ sí ilé iṣẹ́ aṣọ láràárọ̀?"

Oorun rẹ̀ kò jọ oorun lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó là á sí méjì. Mo búra, ayùn náà ń sunkún. Ó ti ìdajì kìíní wọ búùtù, ó ti ìkejì, òun fúnra rẹ̀ wá ká kò tẹ̀ lé wọn láti so wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù síta. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.

"Ẹ gbé iná sí ọ̀tún."

"Ọ̀tún ta ni?"

"Ọ̀tún tèmi."

"Ìwọ dà? Ẹsẹ̀ ni mo rí."

"Ó dáa, òsì."

Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí ẹsẹ̀ náà kú iṣẹ́, ẹsẹ̀ sì ń mi ara rẹ̀ dáhùn. Nígbà tó jáde, gúlù ti so irùngbọ̀n mọ́ kọ́là rẹ̀. Èmi ni mo so wáyà, mo sì fi fíùsì sí ẹ̀bá bátìrì, nítorí pé báàsì la ń wá, kì í ṣe iná. Mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, mo tẹ orin. Ọmọrí ìkòkò àbúrò mi dìde lórí pẹpẹ, ó rìn jáde ní kíṣìnì, ó sì fi ẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró sí ìkóríta tí wọ́n ti máa ń wọkọ̀. Ariwo-Ń-Bọ̀ ti dé ṣáájú wa. Orin rẹ̀ ń dún, ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń wárìrì bí eyín ẹni tí òtútù mú. Ìyá Bọ́tìnì gbé ìdì aṣọ rẹ̀ wá, ó ṣí búùtù Káfíńtà. Igi ló bá níbẹ̀ láti etí dé etí.

"Níbo lẹrù wa máa wà?"

Káfíńtà fa fóònù yọ. Ó tẹ orin.

Ìyá Bọ́tìnì pa búùtù dé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó wá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá, ìyẹn sì dá a lóhùn.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ó wọ̀ mí láyà, mo sì ń gbọ́ ara mi. Tọ̀hún ń dún, ṣùgbọ́n gbogbo páànù ara ọkọ̀ rẹ̀ ló ń bá a kọrin."

Ó wọlé síwájú, ó gbé ìdì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù tẹ̀ lé e. Ariwo-Ń-Bọ̀ ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí," Ìyá Bọ́tìnì ní, "ẹ ṣe ibi tí a máa gbẹ́rù sí sórí ọkọ̀. Onírin ni o. Ẹ má fi igi ṣe é."

"Irin máa ń dípẹtà, Ìyá Bọ́tìnì," Káfíńtà ní. "Mo ní igi kan nílé..."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo kọjú sí ọ̀nà ilé mi, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Bọ́tìnì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Iwájú ọkọ̀ náà ló ń jókòó láràárọ̀. Ẹ lọ bi í, yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Àfi tó bá ní òun lòun kọ́ Káfíńtà bí wọ́n ṣe ń yan báàsì. Ìyẹn, ẹ má gbà á gbọ́.