Wọ́n Ní Àpẹẹrẹ Lásán Ni

Bí ẹ bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe, àpẹẹrẹ ló ń tún ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ wọn ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn sórí blockchain, ìyẹn àdéhùn tí kọ̀ǹpútà ń mú ṣẹ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé lè rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè pa rẹ́. Wọ́n kó àpẹẹrẹ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Ìyàwó mi ló ń rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe ohun kan náà. Tó bá jókòó ti tábìlì ìjẹun wa, tó na ẹsẹ̀ sórí àga kejì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọ̀ǹpútà, mo ti mọ̀ pé ọ̀kan ti ya ọ̀tọ̀ nínú wọn.

Lọ́jọ́ kan, àpẹẹrẹ ìdìbò ló ń wò. Ọmọ ẹgbẹ́ lè dìbò fúnra rẹ̀, tàbí kó gbé ìbò rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Èdè mẹ́ta ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé o ti dìbò?" Èdè kẹrin kò béèrè. Ẹni tó ti dìbò tán tún lè gbé ìbò kan náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó di méjì.

Ó tún un ṣe kíá, ó gbé e lọ bá ọ̀gá wọn, nítorí kò sí ohun tó ń jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ń fi ṣíbí po kọfí.

"Ta ló tún ń lo èdè yẹn? Àpẹẹrẹ lásán mà ni. Fi sílẹ̀, iṣẹ́ tuntun ni kó o gbájú mọ́."

"Ọ̀gá, àwọn èèyàn máa ń dà á kọ bó ṣe wà."

"Ìyẹn kàn wọ́n."

Ìyẹn kàn wọ́n! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Ó pe ará ayé pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ó sì ń po kọfí. Nígbà tí ìyàwó mi délé sọ ọ́ fún mi, ara mi gbóná. Ó ní kí n fara balẹ̀, òun á máa rán ọ̀gá létí.

Ó ṣì ń rán ọ̀gá létí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wọlé wá bá wa nílé lọ́jọ́ kan, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Káfíńtà ni Bọ̀ọ̀dá, àwọn ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú.

"Ẹ bá mi yọ̀! Mo ti di alága ẹgbẹ́ káfíńtà. Orí fóònù la ti dìbò. Ọmọ tó bá wa ṣe é ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti dà á kọ!"

Ìyàwó mi kò yọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, èdè wo ló lò?"

"Èdè wo bí i ti báwo?"

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wò ó. Èdè kẹrin ni. Àwọn àgbà káfíńtà tí wọn kò fọkàn tán fóònù ti dìbò fún Bọ̀ọ̀dá tán, wọ́n tún gbé ìbò wọn lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, torí bóyá ti àkọ́kọ́ kò wọlé. Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Àmọ́ téèyàn bá yọ àlékún yẹn kúrò, alátakò ló borí.

"Ta ló tún mọ̀?" Bọ̀ọ̀dá béèrè.

"Àwa mẹ́ta yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè má sọ fún ẹgbẹ́."

Ó sì sọ. Wọ́n tún ìbò náà dì, Bọ̀ọ̀dá fìdí rẹmi. Kíá ni ọ̀gá fọwọ́ sí àtúnṣe, ó sì kéde pé ilé iṣẹ́ òun ló tètè rí àṣìṣe náà. Tètè! Mo fẹ́ lọ ká a mọ́ ọ́fíìsì, ìyàwó mi di aṣọ mi mú.

Ó pẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá tó tún tẹ ilé wa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Mo ti múra láti gbèjà ìyàwó mi.

"Ti ipò kọ́ ni mo bá wá," ni wọ́n wí. "Olè ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ báyìí. Ìgbà wo lo rí àṣìṣe yẹn?"

"Kí ẹ tó dìbò, Bọ̀ọ̀dá."

"Ta lo sọ fún?"

"Ọ̀gá mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo ń rán an létí."

"Nígbà tó kan èmi, o lè pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ. Nígbà tó kan ọ̀gá rẹ, ò ń rán an létí."

Mo lanu láti fèsì. Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, mo bá fa àga fún wọn.