Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ àti Orí Ìyá Ọkọ Mi

Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ làwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ní bó bá ń dirun fún èèyàn, oorun ló máa ń kunni. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ta ló máa sọ fún onídìrí pé ọwọ́ ẹ̀ le, nígbà tí orí ẹni ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Láti kékeré ló ti ń dúró lẹ́yìn àga àwọn èèyàn. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: dígí ńlá tó ti sán ní igun, àga mẹ́ta, òòyà tó ń rẹ nínú omi ọṣẹ. Bó bá fi máa dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán ọkọ mi níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Mo mọ gbogbo ìyẹn, wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé ni. Lójú rẹ̀, mò ń bọ̀wọ̀ fún un, mò ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ni mò ń bá ìyá wọn gbé. Èmi ni mò ń gbé omi gbígbóná fún màmá láàárọ̀. Tí èémí wọn ò bá já gaara, èmi ni mò ń fi òróró ra àyà fún wọn. Ṣùgbọ́n kí n fọwọ́ kan irun orí wọn? Ó tì o. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi ni Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ń wá dì í. Màmá á jókòó láàárín orúnkún rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbé omi wọlé, wọ́n á dákẹ́. Owú ń jẹ mí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó bójú mu.

Nígbà tí àrùn tó ń gba inú èémí ranni yẹn wọ̀lú, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní òun ò ní wọlé mọ́. Ó ní èémí oníbàárà lòun ń fà símú láàárọ̀ lálẹ́, òun ò lè gbé e wá bá ìyá òun tí àyà wọn ò le. Inú mi dùn. Mo ní ó ti wá kan èmi náà báyìí láti dirun màmá. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan. Abẹ́ fèrèsé ló ń wá dúró sí tòun ti ìbòmú, màmá á gbé àga sún mọ́ ọn, ẹ̀rín wọn á sì gba gbogbo ilé kan.

Irun màmá sì ń ta kókó lórí wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í."

"Má ṣèyọnu, ìyàwó mi. Ẹni tó ń dì í ń bọ̀."

Ọdún wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé ẹ̀. Èmi pe àwọn ará ilé wa, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi, mo pe àwọn ará ibi iṣẹ́. Ọkọ mi ní ṣé kò léwu báyìí? Mo ní ṣé àrùn ló máa kọ́ wa bá a ṣe ń ṣọdún ni? Ohun tí mò ń wá kò pọ̀: kí màmá jáde lọ́jọ́ náà, kí irun tí èmi dì wà lórí wọn, kí àwọn èèyàn wí pé, "Ìyàwó yìí mọ̀yá ọkọ ọ́ tọ́jú."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ gbọ́. Ó wá, ó pè mí síta.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́. Bí màmá bá kó o, wọn ò lè gbé e."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń di orí gbogbo ìlú lẹ fẹ́ kọ́ mi ní ìṣọ́ra?"

Ó yà sídìí fèrèsé, òun àti màmá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkòkò pariwo ní ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ ọdún, pálọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. A ti fèrèsé pa nítorí òtútù, kò sẹ́ni tó lo ìbòmú. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wúkọ́, ó ní ata ló sá sóun lọ́nà ọ̀fun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo mú òòyà àti òróró, mo lọ kan ilẹ̀kùn màmá. Wọ́n ti tì í látinú.

"Màmá, àlejò ti pé. Ẹ jẹ́ kí n tún orí yín ṣe."

"Orí mi rí jákujàku, ìyàwó mi. Mi ò lè gbé e síwájú àlejò."

"Mo mú òòyà dání, mà."

"Ọwọ́ kan ṣoṣo lorí mi mọ̀."

Àwọn àlejò ń bèèrè màmá, mo ní wọ́n ń sùn. Lẹ́yìn náà, mo wọ ilé ìdáná, mo ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, omijé ń já bọ́ sínú ọṣẹ.

Ata yẹn kì í ṣe ata. Ọ̀sẹ̀ ò tíì yí po tí mi ò fi mọ ìtọ́wò iyọ̀ mọ́. Ó mú ọkọ mi díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Èmi ló gbé dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí wa. Ó ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún wa, ó sì ń na ti màmá sí wọn lójú fèrèsé. Màmá tìlẹ̀kùn mọ́rí títí, wọn ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ara mi yá, irun mi ti lọ́ mọ́ra bíi fóòmù inú àga. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ò tíì padà sídìí iṣẹ́, ara òun náà dá ṣáṣá, ló bá wọlé wá pẹ̀lú àpò òòyà rẹ̀. Mo mọ ẹni tó wá bá. Mo dìde kí n máa lọ.

"Jókòó, ìyàwó mi," màmá ní. "Tìẹ ni kó kọ́kọ́ ṣe."

"Ṣebí irun tiyín ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ jáde lọ́jọ́ ọdún, mà."

Màmá wo ọmọ wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Irun kẹ̀? Ẹ̀rù àrùn ló bà mí. Mi ò sì fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú àwọn èèyàn ẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní kí n fi irun ṣàwáwí."

Irọ́ náà pàápàá, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ pa á, lábẹ́ fèrèsé ilé mi.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀. Mò ń retí kó fà mí nírun. Bó bá fà á, mà á rí nǹkan sọ. Ó fi òróró pa á, ó ń tú u láti ṣóńṣó wá sídìí, díẹ̀díẹ̀, kò dùn mí rárá. Màmá ń wò wá. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Mo ranjú kalẹ̀, mi ò jẹ́ sùn.